Kì Í Ṣe Gbogbo Ajá Tó Dìgbò Lu Igi Ni Dìgbòlugi

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo gbé dání lọ sí Ìrè-Èkìtì ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo kọ nǹkan kan tó ń tì mí lójú títí di òní: "Ajá kejìlá. Orúkọ: Ẹ̀yìnlàárò. A pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Olóríkunkun ni."

Ajá ilé wa ni ajá kejìlá yẹn. Bàbá àgbà mi ló ni ín kí wọ́n tó kú. Kì í sì í ṣe olóríkunkun. Etí rẹ̀ ló ti di. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé tó mọ̀, títí kan èmi tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì, tí mo lè ya àwòrán ọ̀nà ọ̀fun àti etí fún yín láìwo ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka wa mọ bí iṣẹ́ àṣekágbá ṣe máa ń rí. Olùdarí iṣẹ́ yóò ní kí o lọ wá àkòrí tó súnmọ́ ọ, kí o má lọ kó iṣẹ́ oníṣẹ́. Èmi mú orúkọ ajá. Kì í ṣe Bingo àti Jack ni mò ń sọ o. Orúkọ tó jẹ́ òwe ni, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú rẹ tí o kò lè sọ lójú ẹni tó kàn, o lè wá ọmọ ajá kan, kí o sọ ọ́ ní Ojúlarí tàbí Tanímọ̀la, kí o wá máa pè é sókè láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbọ́. Kò sì lè bi ọ́ léèrè, torí pé ajá rẹ ni o ń pè.

Bí Ẹ̀yìnlàárò ṣe gba orúkọ tirẹ̀ nìyẹn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí Bàbá àgbà gbé e wálé nínú apẹ̀rẹ̀, ajá ìbílẹ̀ lásán, irú èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní ekuke. Nígbà náà, àwọn àti bàbá tó ni ilé kejì ń fa ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Wọn ò bú ara wọn, wọn ò ṣépè. Bàbá àgbà kàn ń jáde síta láràárọ̀, wọ́n á kọjú sí ilé kejì, wọ́n á sì ké pe ajá wọn: ẹ̀yìn là á rò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà parí nígbà tó yá. Orúkọ ò parí.

Ọdẹ ni Bàbá àgbà. Ẹ̀yìnlàárò bá wọn lé òkété, ó bá wọn lé ọ̀yà. Èdè Èkìtì nìkan ni ajá náà gbọ́. Ẹ mọ̀ pé ní Èkìtì a máa ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi i bẹ̀rẹ̀: uṣu ni iṣu, ulé ni ilé. Bí Bàbá bá sọ pé "ulé!", ajá á yí padà, á sì kọrí sílé. Èmi tí mo dàgbà sí ìgboro Adó á ní "ilé! ilé!" títí ẹnu á fi rò mí, á kàn máa wò mí ni. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ajá yẹn ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè.

Bàbá àgbà kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, Ìyá àgbà ń fún ajá ní oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, àwa ọmọ ọmọ ń fọwọ́ pa á lórí nígbà tí a bá wálé, ó parí síbẹ̀. Nígbà tí mo dé lóṣù Kejìlá pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó ti lé ní ọdún méjìlá. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Ojú rẹ̀ dà bí ẹni tí èéfín wọ̀ lójú. Láàárọ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ó máa ń pẹ́ kó tó lè dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo rí i tó fi orí sọ ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ní, "Ọkọ mi, má fi àgbà rẹ́rìn-ín." Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni.

Ní ọjọ́ kejì Kérésì, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé kejì wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan sáré wá mú un. Ẹ̀yìnlàárò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó kẹ̀yìn sí i. Ọmọ náà fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ sílẹ̀. Ajá ta jí, ó gbá ẹnu sẹ́yìn, eyín rẹ̀ sì ha ọmọ náà lápá. Ẹ̀jẹ̀ yọ, kò pọ̀. Ṣùgbọ́n igbe tí ọmọ náà ké kó gbogbo àdúgbò jọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Dìgbòlugi ni! Ajá yẹn ti ya dìgbòlugi! Ẹ ò rí i bó ṣe ń fi orí sọ igi láti ìjẹta?"

Ẹ jẹ́ ká dúró síbi ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀, torí iṣẹ́ wa ni. Dìgbò, lù, igi: ohun tó ń lọ kọlu igi. Àwọn baba wa wo ohun tí ajá tó ní àrùn náà ń ṣe, wọ́n sì fi ìṣe rẹ̀ sọ àrùn náà lórúkọ. Orúkọ tó dára ni. Àmọ́ orúkọ tó ṣàpèjúwe nǹkan lè tan ni jẹ. Ajá tó ní àrùn yìí lè máa kọlu nǹkan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò ní lè gbé oúnjẹ tàbí omi mì dáadáa, ìwà rẹ̀ á yí padà lójijì, á máa bu ohunkóhun jẹ láìnídìí tàbí kó kàn dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan, nígbà tó bá yá ara rẹ̀ á rọ, á sì kú. Ẹ̀yìnlàárò ti jẹ iyán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ti lá omi. Ìdí tó fi ń dìgbò lu igi ni pé kò ríran mọ́.

Mo sọ èyí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà náà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí bíi ti gbogbo wọn.

Ẹnì kan ti ń wá epo pupa tí wọ́n á fi pa ojú ọgbẹ́. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Ó ní ká má fi epo sí i, ká má fi àgbo sí i, ká má dì í. Ká fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ká wá gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíá. Ìṣẹ́jú 15 pẹ́ o, bí ẹ bá di apá ọmọ tó ń sunkún mú. Ìyá ọmọ náà ń da omi, èmi ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, Ìyá àgbà ń wo aago. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ, ó sì gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n pín in sí ọjọ́ bíi mélòó kan, a sì gbọ́dọ̀ gbà á pé. Àrùn yìí kì í dúró de ẹni tó ń rò ó: bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń yè é.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Adó, wálé fún ọdún. Wọ́n ní kò sóhun tá a tún ń sọ, kí wọ́n pe àwọn tó ń ra ajá. "Ajá tó ti gbó, tí kò lè ṣọ́lé, tí kò lè ṣọdẹ, kí la fẹ́ fi ṣe? Ìrè la wà o. Ẹran Ògún ni ajá."

Ọ̀rọ̀ yẹn lágbára nílùú wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ògún Onírè ni gbogbo ayé ń kì, ẹ sì mọ ìtàn bó ṣe dé sí àárín àwọn tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, tó rí i pé agbè ẹmu ṣófo, tó sì fa idà yọ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ nítorí pé wọn ò dá a lóhùn. Ajá ni wọ́n fi ń bọ ọ́. Mi ò lè bá Dádì Adó jiyàn ìyẹn. Ìyá àgbà ló dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Baba yín bọ Ògún títí wọ́n fi kú. Wọn ò fi èyí bọ ọ́ rí. Ajá ọdẹ ni èyí. Òun ló bá wọn wá ẹran tí ẹ̀yin fi lọ sílé ìwé."

Mo ti pe dókítà ẹran kan ní Adó-Èkìtì kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Dókítà ní ká má pa á, ká má tà á. Bí a bá tà á, ẹni tó máa pa á tó máa kun ún ni itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ máa kàn, bó bá jẹ́ pé àrùn náà wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Bí a bá sì pa á, inú ọpọlọ nìkan ni wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, àfi ká gbé orí rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò bíi ti Vom nítòsí Jos, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí àrùn ẹran wà láti ọdún 1924. Ó ní ká so ó mọ́lẹ̀ níbi tí kò ti lè kan ẹnikẹ́ni, ká máa fún un ní oúnjẹ àti omi, ká máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ajá tí àrùn náà bá ti dé inú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ kò ní pé ọjọ́ 10 kí àìsàn tó hàn tàbí kó kú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó má dúró de ọjọ́ 10 kankan. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ìgbà wo ni ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bà mí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá àgbà mú mi dání lọ sí ilé kejì láti lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀. Bàbá tó ni ilé náà, bàbá bàbá ọmọ tí ajá ha lápá, ni Bàbá àgbà mi ti ń fi orúkọ ajá bá wí láti ọdún yìí wá. Wọ́n ní kí Ìyá àgbà dìde, pé àgbà kì í kúnlẹ̀ fún àgbà. Wọ́n ní ká mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá wá. Mo mú un wá. Òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ti pẹ́, ìgbà tí Bàbá àgbà ṣì wà láyé. Bàbá náà wo káàdì títí, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn là á rò. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Kò sí ìdáhùn lẹ́nu wa. Dádì Adó tí wọ́n fẹ́ ta ajá kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Èmi tí mo sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, èmi tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tí mo fi àmì ohùn sí i, tí mo túmọ̀ rẹ̀, tí mi ò sì rántí pé ọdọọdún ni ajá ń lọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tí olówó rẹ̀ wà láyé.

A so ó mọ́ ìdí máńgòrò. Mo sún ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí Ọyẹ́ síwájú. Mo fi ojú ìwé tuntun nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi sílẹ̀ fún un: ọjọ́ kìíní, ó jẹun, ó mu omi. Ọjọ́ kejì, ó jẹun, ó mu omi, kò sí itọ́. Ọmọ náà ń lọ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, àwa sì ń san owó rẹ̀. Dádì Adó kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ àwọn náà ni wọ́n yọ owó abẹ́rẹ́ kejì.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ajá. Ó dún gbàǹgàn. Ẹyẹ fò lórí igi. Ẹ̀yìnlàárò ò mira. Mo gbé ọmọrí náà, mo tún jù ú sílẹ̀. Kò yíjú. Mo wá fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ gbì, ó gbórí sókè, ó sì ń wá mi. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Etí ajá lágbára ju tiwa lọ: ìró tó ga ju tàwa ènìyàn lè gbọ́ lọ fíìfíì ni òun ń gbọ́. Ìró gíga wọ̀nyẹn, irú èyí tó wà nínú fèrè, ni ọjọ́ ogbó sábà máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òwe wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń pa á, ajá ni mo ń dá lẹ́bi. Mi ò rò ó rí pé fèrè ni ó yẹ ká yí padà.

Ọjọ́ kẹwàá pé, ajá wa ṣì ń jẹ iyán. Ní ọjọ́ kọkànlá, dókítà ẹran wá, ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé ìrù. Mo kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní ajá àgbà nílé gbọ́ ọ.

Oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dùn ún, pàápàá nínú ọyẹ́. Kó má sùn lórí sìmẹ́ǹtì mọ́. A tẹ́ àpò méjì àti ògbólógbòó ìró Ìyá àgbà fún un. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí jíjókòó ojú kan máa ń mú kí oríkèé le sí i. Kó má sanra, ẹsẹ̀ tó ń dùn ò fẹ́ ẹrù. Ká gé èékánná rẹ̀ tó ti gùn, òun náà ń bà á nínú ìrìn jẹ́. Ká má fún un ní oògùn ara ríro tiwa. Parasitamọ́ọ̀lù àti ibuprofen tí a fi ń wo orí fífọ́ lè ba ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ikùn ajá jẹ́, kó sì pa á. Mo dúpẹ́ pé ó sọ ìyẹn, torí pé mo ti ra páálí kan sápò.

Eyín rẹ̀ mẹ́ta ti kán. Ká fọ́ oúnjẹ rẹ̀ kúnná, ká pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ egungun adìyẹ tí a ti sè, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Nítorí náà Ìyá àgbà ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi ata àti àlùbọ́sà sọ́bẹ̀: iyán díẹ̀, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, ẹ̀fọ́. Ká máa já eégbọn kúrò lára rẹ̀, torí eégbọn ń gbé àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ojú, ká má gbé àga àti odó kúrò níbi tó ti mọ̀ wọ́n sí. Imú rẹ̀ ṣì mú, ká jẹ́ kó máa gbóòórùn nǹkan bó ṣe fẹ́ nígbà tó bá ń rìn, ìyẹn ni ìgbádùn tó kù fún un. Ní ti etí, ká má bá a láti ẹ̀yìn mọ́ láé. Bó bá ń sùn, ká fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kó jí, kó gbóòórùn ọwọ́ wa, ká tó fọwọ́ kàn án. Ajá tó bá ta jí lójijì lè buni jẹ kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Ká ní a ti mọ èyí, ọmọ ẹlòmíràn ò bá má gba abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ lórí àrùn dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ẹ ò ní láti dúró de ọjọ́ náà. Bí ẹ bá pe ilé lónìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè owó oúnjẹ, ẹ béèrè káàdì ajá. Ẹ wo òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn. Ajá tó bá ti gbó, kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ tán. Iṣẹ́ tiwa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ti òkété tó dàgbà tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀.

Kí n tó padà sí Ọyẹ́, ọmọ ilé kejì wá wò ó, bàbá bàbá rẹ̀ ló mú un dání. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é: dúró síwájú rẹ̀, fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, na ọwọ́ sílẹ̀ kó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á lákọ̀ọ́kọ́. Ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹ̀yìnlàárò dìde díẹ̀díẹ̀, ó rọra wá, ó sì gbé imú lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ku ẹni tí wọ́n á máa fi orúkọ rẹ̀ bá wí báyìí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi padà, mo fa igi lé gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ kọ, mo sì kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: "Ajá kejìlá. Orúkọ: Ẹ̀yìnlàárò. Etí rẹ̀ ti di. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ la fi ń pè é. Ó ń dáhùn."